Ófùnù gáàsì tí wẹ́dà ṣe àti kíbọ́ọ̀dù Yamaha oníbátìrì: ohun méjì tí òjò ò lè dá dúró nílé mi

Ohun méjì ló wà nílé mi tí kì í bá iná lọ tí òjò bá ti ṣú. Ọ̀kan ni ófùnù gáàsì kékeré tí mo ní kí wẹ́dà kan bá mi ṣe ní Ìbàdàn níbí, ìkejì ni kíbọ́ọ̀dù Yamaha PSR-E373 tó ń lo bátìrì. Mo ti ń lo àwọn méjèèjì tipẹ́, ìbéèrè àwọn èèyàn lórí wọn ò sì tán. Àwọn kan á ní, "Àǹtí, ṣé ófùnù tí wọ́n fi irin jó yẹn ń yan nǹkan jinná ṣá?", àwọn mìíràn á ní ṣé kíbọ́ọ̀dù tó ń lo bátìrì kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ófùnù yẹn ń yan nǹkan dáadáa o, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ní tiẹ̀, kíbọ́ọ̀dù gidi ni, kò sí ohun ìṣeré kankan níbẹ̀.

Ẹ mọ bí oṣù Keje ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, òjò á bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò ní pọ̀ bíi ti ìjì, á kàn máa rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí di ọ̀sán, iná á ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde lọ ra fúẹ̀lù sínú jẹnẹrétọ̀, ọmọ wà nílé, ìwọ náà wà nílé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti yan búrẹ́dì àgbọn kí n sì fi orin ọjọ́ Ìsinmi dánra wò, torí èmi ni mo ń tẹ dùùrù fáwọn kọ́yà wa tí ọ̀gá wa ò bá sí nílé. Tó bá jẹ́ ófùnù oníná àti dùùrù oníná ni mo ní, jíjókòó ni mi ò bá jókòó máa wo ojú òjò. Ohun tó jẹ́ kí n kọ eléyìí gan-an nìyẹn, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń náwó gọbọi sórí nǹkan ilé idáná àti nǹkan orin láì bi ara wọn pé tí iná bá lọ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ófùnù.

Àpótí irin ni, ó ga tó orókún mi, ó lè jókòó sórí tábìlì tó bá lágbára. Irin fẹ́lẹ́ onípele méjì ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n wá ki òwú fáíbà sáàárín méjèèjì kí ooru má bàa sá jáde. Òwú yìí ni kẹ́ ẹ bi wẹ́dà yín léèrè kẹ́ ẹ tó fún un lówó, kódà kẹ́ ẹ ní kó má tíì jó ẹ̀yìn rẹ̀ pa títí ẹ ó fi débẹ̀ fojú ara yín rí i, torí àwọn kan wà tí wọ́n kàn ń jó irin pọ̀ lásán tí wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà dúdú tó ń dán, ara irú ófùnù bẹ́ẹ̀ á gbóná débi pé ẹ ò ní lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gáàsì yín ò sì ní pẹ́ tán. (Ẹ má fọwọ́ lásán kan òwú náà o, á máa yún yín lára.) Tèmi, wẹ́dà náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé wẹ́kú, mo fi bébà tínrín há a lẹ́nu, bébà ò ṣe é fà yọ. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi ò tó ìdajì owó ti òkè òkun tó tóbi tó o.

Báńnà kan ṣoṣo ló ní, páìpù gígùn tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí, ìsàlẹ̀ ló wà, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ bò ó lórí kí iná má bàa máa lá ìdí abọ́ búrẹ́dì. Inú rẹ̀ gba abọ́ búrẹ́dì méjì lẹ́ẹ̀kan tàbí àwo kékì kan tó fẹ̀ díẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tẹmómítà tí wọ́n dè mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn kì í sọ òótọ́ inú. Mo ra kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ sínú ófùnù, mo gbé e sáàárín gbùngbùn níbi tí búrẹ́dì máa ń jókòó sí, ti ẹnu ilẹ̀kùn ń sọ pé 160, ti inú ti wọ 190. Kò sì yà mí lẹ́nu, ẹnu ilẹ̀kùn ló tutù jù níbẹ̀. Torí náà ẹ lọ ra ti inú yẹn, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, òun ló máa gba búrẹ́dì yín lọ́wọ́ jíjó. Àléébù kejì ni pé ìsàlẹ̀ ló ti ń gbóná wá, ìdí búrẹ́dì á ti pọ́n kí orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Ohun tí mo ń ṣe sí i ni pé orí irin òkè ni mo máa ń gbé búrẹ́dì sí, n ó wá fi àwo irin tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ sórí irin ìsàlẹ̀ kó gba iná yẹn sára, tó bá dé ìdajì àsìkò, n ó yí abọ́ padà kí ẹ̀yìn di iwájú.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè pa gáàsì fúnra rẹ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ iná kú. Àwọn ófùnù ilé iṣẹ́ ńlá kan ní in, eléyìí ò ní. Fún ìdí èyí, ilẹ̀kùn ófùnù gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kẹ́ ẹ tó tan án, ìṣáná ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó, ẹ ó gbé e sún mọ́ báńnà, ẹ ó wá rọra ṣí gáàsì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gáàsì ló ṣáájú ìṣáná láé. Ẹ fi ìfọ́fọ̀ọ́ ọṣẹ pa ẹnu họ́ọ̀sì àti régúlétọ̀ látìgbàdégbà, tó bá ń tú púkẹ́púkẹ́, ó ń jò nìyẹn. Kí fèrèsé kan sì wà ní ṣíṣí bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ ṣí èyí tí òjò ò ti máa fẹ́ wọlé, torí èéfín gáàsì tí kò rí atẹ́gùn tó á máa pa èèyàn láìní òórùn kankan. Mo mọ̀ pé nígbà òjò ló máa ń wù wá láti ti gbogbo ilé pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í.

Búrẹ́dì tí mo ń yan nínú rẹ̀ rèé: fùláwà búrẹ́dì 500g (kì í ṣe ti kékì o, ti kékì ò ní fà), yíìsì gbígbẹ 7g, ṣúgà 60g, iyọ̀ 8g, bọ́tà 50g, mílíìkì àgbọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó bíi 300ml, àti àgbọn rírin ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ má da mílíìkì náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, fùláwà kan máa ń mu ju òmíràn lọ. Ẹ pò ó títí tí ẹ ó fi fà á láàárín ìka méjì tí á fẹ̀ tí á tín-ín-rín tí ẹ ó máa rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó já. Ọwọ́ ni mo fi ń pò ó, apá á ro èèyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń já ara rẹ̀ gbà díẹ̀díẹ̀ títí á fi dán.

Ibi tí òjò ti ń ṣe búrẹ́dì lọ́ṣẹ́ ni wíwú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, wákàtí kan ti tó, lọ́jọ́ òjò ó lè pẹ́ tó wákàtí kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí yíìsì ń fẹ́ ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ófùnù yìí náà ló tún ń yanjú ẹ̀, láìtan iná rárá. Ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná sí irin ìsàlẹ̀, ẹ gbé fùláwà tẹ́ ẹ ti bò sí irin òkè, ẹ ti ilẹ̀kùn. Òwú fáíbà yẹn kì í jẹ́ kí ooru omi náà tètè lọ. Búrẹ́dì tó ń wú lọ́ra díẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ju ti oníkánjú lọ, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ rí i.

Tó bá ti kún ìlọ́po méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ ká a sínú abọ́, ẹ jẹ́ kó tún wú fún bíi 45 ìṣẹ́jú, ẹ yọ abọ́ omi kúrò, ẹ gbé búrẹ́dì náà jáde, ẹ tan ófùnù kó gbóná dé 180 sí 190, ẹ wá dá a padà sínú rẹ̀ fún nǹkan bíi 35 ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde tẹ́ ẹ fi ìka kàn án nídìí, kó dún kó-kó bí ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá awọ rẹ̀ lóòrùn. Tí ohùn rẹ̀ bá ṣì dì, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin.

Ẹ ò ní rí búrẹ́dì Agége nínú ófùnù yìí o, kí n tètè sọ, torí àwọn kan ń retí ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ófùnù rárá, ẹ̀rọ onírin méjì tó ń yí, tó ń tẹ fùláwà léraléra títí á fi dì pọ̀, ló ń sọ búrẹ́dì Agége di ohun tó ń fà tó sì wúwo lọ́wọ́ yẹn. Ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn wa ti ń fi búrẹ́dì ṣòwò, Amos Shackleford tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tiẹ̀ sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921, ó sì gbayì débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Èyí tí ọwọ́ bá pò nílé máa ń rọ̀ ju ìyẹn lọ, ó ń fọ́ díẹ̀, ó dára pẹ̀lú bọ́tà àti tíì, ṣùgbọ́n tí ẹ̀wà àgànyìn lẹ fẹ́ fi jẹ, ẹ lọ ra Agége yín jàre.

Ó wá ku kíbọ́ọ̀dù.

PSR-E373 ní kíì 61, ìyẹn ọ́kítéfù márùn-ún, ó tó fún orin ìjọ kankan tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀. Bátìrì AA mẹ́fà ni wọ́n ń kì sí i nídìí. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án ju àwọn tó dínwó lọ ni pé ó mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ á sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan á dáhùn kíkankíkan. PSR-E273 àti PSR-F52 tí wọ́n jọ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ò ní èyí, bí ẹ fọwọ́ kàn án bí ẹ lù ú, ohùn kan náà ni. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ kíì kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀lé akọrin, kó fi owó kún owó kó ra E373. Ohùn 622 ló wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lójú jù, ohùn píánò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Portable Grand sí, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ariwo ìlù àti fèrè tí ọmọ ti tò síbẹ̀ á kúrò, ó di píánò lásán. Mo fẹ́ràn bọ́tìnnì yẹn gan-an ni.

Páànù ni òrùlé wa, tí òjò bá ń lù ú, ẹ ò lè gbọ́ kíbọ́ọ̀dù kankan tẹ́ ẹ ò bá ṣí ohùn rẹ̀ dé òkè, èyí á sì tètè jẹ bátìrì. Héédìfóònù ni ojútùú. Ẹ kíyè sí i pé ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ihò ńlá ti 6.3mm ni, ti fóònù ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ra ẹnu kékeré tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà. Tẹ́ ẹ bá fi héédìfóònù sí etí báyìí, òjò á di ohun tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ ó máa gbọ́ gbogbo àṣìtẹ̀ ọwọ́ òsì yín kedere.

Àwọn atẹdùùrù fẹ́ràn láti jà lórí transpose, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn gbogbo kíì sókè tàbí wá sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ kúrò níbi tó mọ̀. Orin tí wọ́n kọ "Doh is A flat" sí lórí, ẹni tí C nìkan mọ́ lára á gbé transpose sí -4, á máa tẹ C rẹ̀ lọ, ó ti di A flat létí ìjọ. Èmi ò bá wọn bú u, ó ti yọ mí lọ́jọ́ tí pásítọ̀ ṣàdédé gbé orin sókè. Ṣùgbọ́n nílé, lọ́jọ́ tí àyè bá wà, mi ò ní fọwọ́ kàn án, A flat gan-an ni mo máa ń tẹ̀, pẹ̀lú kíì dúdú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, pẹ̀lú metronome (aago tó ń dún láti fi wọn ìyára orin) ní 60 fún ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ òsì lọ́tọ̀, ọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pàdé.

Orin tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí jẹ́ orin ìbílẹ̀, èyí tí ohùn orin ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, báàsì rẹ̀ kì í lọ ní tààrà bíi ti àwọn orin Òyìnbó. Irú orin báyìí ni Ekundayo Phillips fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ga nígbà tó jẹ́ ọ̀gá orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 di 1962. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ irú orin bẹ́ẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tí kò mọ ìwúwo ọwọ́, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ló yẹ kí ọwọ́ ti wúwo.

Ohun kan máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láàmú, wọ́n á rò pé ó ti bàjẹ́: tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan fún 30 ìṣẹ́jú, á pa ara rẹ̀ láti dá bátìrì sí. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ di kíì tó wà ní ìpẹ̀kun apá òsì mú kẹ́ ẹ tó tan án. Èmi fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí tí mo bá dìde lọ ká búrẹ́dì, mi ò kì í fẹ́ kó máa jẹ bátìrì lásán. Lórí bátìrì náà, ẹ má ra àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ ra alkaline, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ra èyí tó ṣe é ṣájì kẹ́ ẹ máa ṣájì rẹ̀ nígbà tí iná bá wà. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù. Tẹ́ ẹ ò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀, omi ara bátìrì máa ń ba nǹkan jẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù yìí ò ní pitch bend, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń tẹ ohùn sókè sódò, ẹni tó bá fẹ́ tẹ jùjú kó máa yí ohùn bíi gìtá, kó wá òmíràn. Pẹ́dàlì náà kì í bá a wá, ẹ ó rà á lọ́tọ̀, ihò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ rà á o, orin ìjọ láìsí pẹ́dàlì máa ń gbẹ létí.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Fùláwà ń wú, mo ń dánra wò, mi ò nílò aago, ọmọ mi obìnrin ni aago. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ìwé dó-rè-mí rẹ̀, á máa kọ álítò lábẹ́lẹ̀, á dìde, á ṣí aṣọ tí a fi bo abọ́, á ní "Mọ́mì, ẹ wá wò ó, ó ti kan aṣọ o!" Lẹ́yìn tí mo bá ti ká búrẹ́dì sínú abọ́, àsìkò wíwú kejì di tiẹ̀, òun ló máa jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, èmi á máa fọ abọ́. Òfin kan ló wà, ọṣẹ ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ kàn, kó gbẹ, kó tó kan kíì, torí fùláwà tó bá ti wọ àárín kíì kì í jáde mọ́, ṣe ló máa ń dì.

Tí búrẹ́dì bá sì ti wọnú ófùnù, héédìfóònù ń kúrò létí nìyẹn. Mi ò kì í fi sí i títí tí n ó fi pa gáàsì. Báńnà yẹn ní ohùn tiẹ̀, ó ń kùn wọ́ọ́ bí nǹkan bá ń lọ dáadáa, tó bá dákẹ́, mo fẹ́ gbọ́ pé ó dákẹ́. Mo fẹ́ gbóòórùn gáàsì tó bá jò. Torí náà fún 35 ìṣẹ́jú yẹn, ìwé orin la máa ń kà láìtẹ nǹkan, tàbí ká tẹ kíbọ́ọ̀dù síta wẹ́lẹ́, ká fi òjò ṣe ìlù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá máa ra irú ófùnù tí mo ní yìí, kó mú òfin héédìfóònù yìí kí ó má fi ṣeré.

Ẹni tó ń fi búrẹ́dì ṣòwò, ófùnù yìí kéré fún un, kó ní kí wẹ́dà ṣe èyí tó gba ọ̀pọ̀ abọ́ fún òun, kó sì ní báńnà méjì. Ẹni tí kíṣìnì rẹ̀ ò ní fèrèsé, kó má rà á rárá. Tí owó bá sì jẹ́ ti ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ báyìí, kíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, torí ìkòkò irin tó nípọn tẹ́ ẹ dé pa lórí iná gáàsì lásán lè yan búrẹ́dì kékeré kan fún yín títí owó ófùnù á fi pé.